Orí Karùn-ún: Kí Ló Dé Tí Wọ́n Fi Pe Ẹni Tó Dé Lẹ́yìn Mi?

Aago mẹ́fà àárọ̀ lẹ ti dé ọsibítù. Ẹ gba káàdì, ẹ sanwó, ẹ jókòó sórí bẹ́ńṣì. Nígbà tí aago mẹ́jọ kọjá díẹ̀, ìyá ọlọ́mọ kan wọlé. Kò tíì rí ibi jókòó tí nọ́ọ̀sì fi gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀, tó gbé e wọ yàrá lọ. Ọmọ náà ò sunkún, kò sì jọ pé nǹkan kan ń ṣe é. Làwọn tó wà lórí bẹ́ńṣì bá bẹ̀rẹ̀ sí í kùn: "Àbí ìyàwó àbúrò ẹ̀ ni?" "Ẹni tó bá mọ èèyàn ló ń ríbi wọlé."

Nígbà míì, bẹ́ẹ̀ náà ni. Ojúsàájú wà nílé ìwòsàn bó ṣe wà níbòmíràn. Ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, ohun tí nọ́ọ̀sì rí lára ọmọ náà láàárín ìṣẹ́jú kan ló lé e níré. Kí ló rí? Báwo ló ṣe ń mọ àìsàn tó fẹ́ pa èèyàn yàtọ̀ sí èyí tó kàn ń pariwo?

Ẹ jẹ́ ká fi èèyàn mẹ́rin sórí bẹ́ńṣì náà. Àkọ́kọ́ ni ọ̀dọ́kùnrin tí àdá gé níka. Ẹ̀jẹ̀ ti rin aṣọ tó fi dì í, ó ń ké, ó ń pe ìyá rẹ̀. Ìkejì ni ọmọ oṣù mẹ́jọ kan tó ń wúkọ́, tí kò fẹ́ mu ọmú láti àná. Ìkẹta ni obìnrin tó bímọ lóru mọ́jú, tó ní kò sí nǹkan kan, ó kàn rẹ òun ni. Ìkẹrin ni bàbá ẹni ọdún 78 tí àwọn ọmọ rẹ̀ gbé wá nítorí pé ó ń ṣarán láti ìjẹta. Bí ẹ bá ní kí ẹni tó ń kọjá lọ to àwọn mẹ́rin yìí, ọ̀dọ́kùnrin ni yóò kọ́kọ́ mú. Nọ́ọ̀sì tó mọṣẹ́ á fún un ní aṣọ mímọ́ kan, á ní kó fi tẹ ojú ọgbẹ́ náà dáadáa kó sì gbé ọwọ́ sókè, á sì kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀. Ẹni tó ń ké ń mí nìyẹn. Ohùn rẹ̀ já gaara, ó mọ ibi tó wà, ó mọ ẹni tó ń pè. Ìrora rẹ̀ kì í ṣe irọ́, ṣùgbọ́n ó ṣì lè dúró.

Kí a tó débi àwọn mẹ́ta tó kù, ó yẹ ká mọ bí ara ṣe ń bo àìsàn mọ́ra. Ohun tí gbogbo ẹ̀yà ara ń fẹ́ ni kí ẹ̀jẹ̀ tó gbé ọ́síjìn máa dé ọ̀dọ̀ wọn láìdáwọ́ dúró, ọpọlọ ló sì ń fẹ́ ẹ jù. Bí ẹ̀jẹ̀ bá dín kù, tàbí tí ọ́síjìn ò bá wọlé tó, ara kì í kàn dákẹ́ kó máa wò. Ọkàn á yára. Mímí á yára. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tó lọ sí awọ ara, sí ọwọ́ àti ẹsẹ̀, á fún pọ̀, kí ìwọ̀nba ẹ̀jẹ̀ tó wà lè ṣẹ́ kù fún ọpọlọ àti ọkàn. Iṣẹ́ yìí ni màá máa pè ní dídí àlàfo nínú ìwé yìí.

Ẹ wo oníṣòwò tí ọjà ò yá mọ́, tó wá lọ ń yá owó èlé kún ọjà. Ẹni tó ń kọjá lọ á rí i pé ṣọ́ọ̀bù ṣì kún bámúbámú, á sì ní ọlọ́jà yìí ń rí ṣe. Gbèsè ò sí lórí àtẹ. Ọjọ́ tí kò bá sí ẹni tó máa yá a lówó mọ́, ọjọ́ yẹn gan-an ni ṣọ́ọ̀bù á tì. Ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, tí a mọ̀ sí BP, ni ọjà orí àtẹ: ó lè wà bó ṣe yẹ kó wà títí ilẹ̀ fi máa ṣú. Gbèsè ni lílù ọkàn, iye ìmí, àti ọwọ́ tó tutù. Ìdí nìyẹn tí wíwo ìfúnpá nìkan kì í fi í tó nọ́ọ̀sì.

Iye ìmí ni mo fẹ́ ká pẹ́ lé lórí, torí òun ni wọ́n ń fojú tẹ́ńbẹ́lú jù nínú gbogbo ohun tó wà nínú ìwé àkọsílẹ̀. Nísàlẹ̀ ọpọlọ, níbi tó ti so mọ́ ọ̀pá ẹ̀yìn, àwọn sẹ́ẹ̀lì kan wà tí wọ́n ń tọ́ ẹ̀jẹ̀ wò nígbà gbogbo láti mọ bó ṣe kan tó. Afẹ́fẹ́ tí à ń mí síta, tí àwọn onímọ̀ ń pè ní kábọ́nì-dáyọ́ksáídì, máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ kan bó bá pọ̀ jù nínú rẹ̀. Tí àwọn sẹ́ẹ̀lì yìí bá ti rí i pé ó ti ń kan jù, wọ́n á pàṣẹ kí àyà yára kó lè tú u síta. Àwọn míì wà ní ẹ̀gbẹ́ ọrùn méjèèjì tí wọ́n ń ṣọ́ ọ́síjìn ní tiwọn. Nínú òtútù àyà, omi àti ọyún á dí àwọn àpò kéékèèké inú ẹ̀dọ̀fóró, ọ́síjìn ò ní ráyè wọlé, mímí á sì yára. Ṣùgbọ́n ẹ̀dọ̀fóró lè wà láìlábùkù kí mímí ṣì yá. Ẹni tí àtọ̀gbẹ rẹ̀ ti kọjá ìkáwọ́, ẹni tí kòkòrò àrùn ti gbòde nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ púpọ̀ ti dà lára rẹ̀: àwọn èròjà kíkan ló ń kóra jọ sára gbogbo wọn, mímí sì ni ara fi ń dín kíkan náà kù. Nítorí náà, bí ìmí bá yá, nọ́ọ̀sì kì í wo àyà nìkan.

Ọgbọ́n wà nínú bí wọ́n ṣe ń kà á. Bí ẹ bá sọ fún èèyàn pé ẹ fẹ́ ka ìmí rẹ̀, ojú ẹsẹ̀ ni mímí rẹ̀ á yí padà. Torí ẹ̀ ni nọ́ọ̀sì fi ń di ọwọ́ yín mú, tí ìka rẹ̀ wà lórí iṣan ọrùn ọwọ́, tó tẹjú mọ́ aago. Ó ti ka lílù iṣan tán. Àyà yín ló ń wò báyìí, kò kàn sọ fún yín ni. Ìṣẹ́jú kan gbáko ló yẹ kó fi wò ó, àgàgà fún ọmọ ọwọ́ tó jẹ́ pé á mí kíákíá, á dúró díẹ̀, á tún bẹ̀rẹ̀. Níbi tí èrò bá ti pọ̀, ìṣẹ́jú kan yẹn ni wọ́n máa ń jí. Ẹ ó rí ìwé wọ́ọ̀dù kan tó jẹ́ pé 20 ni wọ́n kọ fún aláìsàn mẹ́wàá tó tẹ̀ lé ara wọn. Ẹni tó kọ ọ́ kò kà á.

Àgbàlagbà tí ara rẹ̀ dá ń mí ní nǹkan bí ìgbà 12 sí 20 nínú ìṣẹ́jú kan. Ọmọ oṣù mẹ́jọ orí bẹ́ńṣì wa mí ní ìgbà 58. Ṣé ó pọ̀ jù? Ó dá lórí ẹni tó ni ín. Ìlànà tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fi lélẹ̀ fún ọmọ tó ń wúkọ́ ni pé bí kò bá tíì pé oṣù méjì, ó di 60 kí a tó ní mímí rẹ̀ yá jù. Láti oṣù méjì títí di ìgbà tó bá fẹ́ pé ọdún kan, 50. Láti ọdún kan sí márùn-ún, 40. Bó bá jẹ́ ọmọ ọjọ́ mẹ́ta ló ń mí ní ìgbà 58, nọ́ọ̀sì á kọ ọ́ sílẹ̀, á sì máa bá tiẹ̀ lọ. Bó bá jẹ́ bàbá ẹni ọdún 78 ni, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Ti ọmọ oṣù mẹ́jọ yìí ti kọjá ààlà.

Nọ́ọ̀sì ò dúró lórí iye. Ó ká aṣọ ọmọ sókè títí dé abẹ́ ọrùn, ó wo ibi tí ìhà ti parí. Nígbà tí èèyàn bá fa ìmí, ó yẹ kí ibẹ̀ wú síta; ti ọmọ yìí ń jìn wọnú. Ihò imú rẹ̀ ń fẹ̀, orí rẹ̀ ń mì díẹ̀ bó ṣe ń mí. Gbogbo iṣan ara rẹ̀ ló ti kó lé mímí lọ́wọ́, kò sì sí èyí tó kù láti fi mu ọmú tàbí láti fi sunkún. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ tó jọ àlàáfíà lójú àwọn tó ń kùn yẹn gan-an ló dẹ́rù ba nọ́ọ̀sì.

Ọmọdé mọ bí a ṣe ń dí àlàfo ju àgbà lọ, ibẹ̀ sì ni ewu rẹ̀ wà. Ọkàn ọmọ ọwọ́ kéré, kò lè fi bẹ́ẹ̀ fi kún ẹ̀jẹ̀ tó ń tú jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, nítorí náà ó kù kó yára. Àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ náà sì lágbára láti fún pọ̀. Méjèèjì yìí á gbé ìfúnpá rẹ̀ dúró títí okun á fi tán, á sì wó lulẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá dúró kí ìfúnpá ọmọdé já kí ẹ tó dìde, ẹ ti pẹ́. Ọwọ́ nọ́ọ̀sì ló ṣiṣẹ́ níbí ju ẹ̀rọ lọ: ó fọwọ́ kan àtẹ́lẹsẹ̀ ọmọ bóyá ó tutù nígbà tí ikùn rẹ̀ gbóná, ó tẹ èékánná rẹ̀ kó funfun, ó jọ̀wọ́ rẹ̀, ó sì ń ka bó ṣe pẹ́ tó kí àwọ̀ rẹ̀ tó padà. Bó bá ju ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta lọ, ara ti ń fi ẹ̀jẹ̀ du ọwọ́ àti ẹsẹ̀ kó lè tó ọpọlọ. Ní Blantyre, ní orílẹ̀-èdè Màláwì, ilé ìwòsàn Queen Elizabeth tún ẹnu ọ̀nà àbáwọlé àwọn ọmọdé tò, kí ẹnì kan tó mọ àmì ewu lè wo ọmọ kọ̀ọ̀kan kó tó dé orí ìlà. Ikú ọmọdé níbẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dín kù sí ìdajì.

Ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń há mọ́ ìka láti wọn ọ́síjìn inú ẹ̀jẹ̀ wá ńkọ́? Takuo Aoyagi, ẹnjiníà ará Japan, ló ronú kan ọgbọ́n tó wà nídìí rẹ̀ láwọn ọdún 1970. Ẹ̀rọ náà ń tan oríṣi iná méjì gba inú ìka kọjá, ó ń wo èyí tí ẹ̀jẹ̀ gbé mì àti èyí tó jẹ́ kó kọjá, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ tó ní ọ́síjìn àti èyí tí kò ní ò gbé iná mì bákan náà. Àmọ́ awọ dúdú náà ń gbé iná mì. Ìwádìí kan láti Yunifásítì Michigan, tó jáde ní oṣù December 2020, yẹ àwọn aláìsàn tí ẹ̀rọ ní ọ́síjìn wọn wà láàárín 92 sí 96 nínú ọgọ́rùn-ún wò. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ náà gan-an wò, ti àwọn aláwọ̀ dúdú bíi 12 nínú 100 ti lọ sísàlẹ̀ 88. Ti àwọn aláwọ̀ funfun kò pé mẹ́rin. Ọ̀rọ̀ tiwa mà ni! Bí ẹ̀rọ bá ní 94, tí àyà ọmọ sì ń jìn wọnú, àyà ni kí a gbà gbọ́. Kútẹ́ẹ̀sì àti ìka tó tutù náà máa ń ti ẹ̀rọ yìí ṣìnà. Bákan náà, ẹni tó bá ń wá ojú tó funfun lára èèyàn dúdú á wá a tì. Àtẹ́lẹwọ́, ahọ́n, àti abẹ́ ìpéǹpéjú ni à ń wò fún àìtó ẹ̀jẹ̀.

Ó ku ìyá ọmọ tuntun. Ìfúnpá rẹ̀ jẹ́ 110 lórí 70. Nọ́ọ̀sì tó bá ń kánjú á ní kó lọ sinmi. Ṣùgbọ́n iṣan rẹ̀ ń lù ní ìgbà 118 nínú ìṣẹ́jú kan. Bí iye lílù ọkàn bá ti ju iye òkè ìfúnpá lọ, gbèsè ti pọ̀. Nígbà oyún, ẹ̀jẹ̀ inú ara obìnrin máa ń fi bí ìdajì pọ̀ sí i, ìpèsè sílẹ̀ de ọjọ́ ìbí ni. Àǹfààní ńlá ni, ó sì tún ń tanni jẹ, torí ẹ̀jẹ̀ tó ju lítà kan lọ lè dà lára rẹ̀ kí ìfúnpá tó já. Ìbéèrè tí nọ́ọ̀sì bi í kò jọ ọ̀rọ̀ ìṣègùn rárá: "Páàdì mélòó lẹ ti pààrọ̀ látàárọ̀? Ṣé ó rin gbingbin?" Lẹ́yìn náà ló fi ọwọ́ tẹ ìsàlẹ̀ ìdodo rẹ̀. Ó yẹ kí ilé-ọmọ le gírígírí níbẹ̀, torí bó ṣe ń fún pọ̀ ló fi ń dí ẹnu àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tí ibi ọmọ já kúrò lára wọn. Bó bá rọ̀, ẹ̀jẹ̀ ṣì ń dà, ó tiẹ̀ lè máa kóra jọ sínú láìjáde. Nọ́ọ̀sì á bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ ra á títí á fi le, á sì ké pe èèyàn.

Ojú èèyàn ò mọ ẹ̀jẹ̀ wọ̀n. Àwọn agbẹ̀bí tó ti pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́ pàápàá máa ń fojú dín in kù. Nínú ìwádìí ńlá kan tí wọ́n pè ní E-MOTIVE, tó jáde ní 2023, àwọn ilé ìwòsàn 80 ní Nàìjíríà, Kẹ́ńyà, Tanzania àti South Africa ló kópa. Wọ́n tẹ́ ọ̀rá kan tó ní ìlà ìdíwọ̀n sábẹ́ àwọn tó ń bímọ ní ìdajì àwọn ilé ìwòsàn náà, wọ́n sì ní bí ẹ̀jẹ̀ bá ti dé ìlà, kí wọ́n ṣe gbogbo ìtọ́jú pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kì í ṣe kí wọ́n máa dán an wò níkọ̀ọ̀kan. Ẹ̀jẹ̀ dídà tó le, iṣẹ́ abẹ àti ikú tó ń tìdí rẹ̀ wá fi 60 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù. Ọ̀rá àti ìtọ́jú tí kò falẹ̀!

Bàbá ló le jù láti mọ̀. Ara rẹ̀ ò gbóná: 36.4. Iṣan ń lù ní ìgbà 76. Ìfúnpá jẹ́ 112 lórí 64. Ẹni tó bá fi ìwé wò ó á ní ara bàbá le ju ti ọmọ rẹ̀ tó gbé e wá lọ. Ẹ jẹ́ ká mú un níkọ̀ọ̀kan. Carl Wunderlich, dókítà ará Jámánì, ló jẹ́ kí ayé mọ 37 gẹ́gẹ́ bí ìwọ̀n ìgbóná ara nínú ìwé tó gbé jáde ní 1868, ṣùgbọ́n ara àgbà máa ń tutù ju bẹ́ẹ̀ lọ, kì í sì í tètè gbóná bí kòkòrò bá wọ̀ ọ́. Àwọn ọmọ ogun inú ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó dá iná náà ti rẹ̀. Iṣan rẹ̀ ò yára nítorí pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó ń lò kì í jẹ́ kí ọkàn yára. Ìfúnpá 112 náà? Nínú káàdì rẹ̀, 160 ló máa ń wà. Fún ara tirẹ̀, ó ti já.

Ẹnu bàbá náà ò ní ràn wá lọ́wọ́. Ẹ bi í pé "Ṣé ara le?" á ní "A dúpẹ́." Nọ́ọ̀sì tó bá mọ àgbà kì í bi í pé kí lorúkọ rẹ̀, bí ẹni ń bi ọmọdé. Á kí i dáadáa, á ní, "Bàbá, àkọ́bí yín dà?" "Ọjọ́ wo la wà lónìí, sà?" Bàbá ń wo òrùlé, ó dá a lóhùn pẹ̀lú orúkọ àbúrò rẹ̀ tó ti kú. Nọ́ọ̀sì wá kọjú sí ọmọ: "Ṣé bẹ́ẹ̀ ló máa ń ṣe?" Ọmọ ní rárá, ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, òun ló ṣì gba owó ilé lọ́wọ́ àwọn ayálégbé, tó sì ṣírò rẹ̀ láìsí pé kọ́bọ̀ kan dín. Kì í ṣe arán nìyẹn. Arán máa ń yọ́ wọlé ní oṣù àti ọdún. Ohun tó bá dé láàárín ọjọ́ méjì ni ìdàrú-ọpọlọ òjijì, àìsàn mìíràn ló sì máa ń wà nídìí rẹ̀: òtútù àyà, kòkòrò ojú ọ̀nà ìtọ̀, ṣúgà tó já nínú ẹ̀jẹ̀, tàbí oògùn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi kún ti tẹ́lẹ̀. Nọ́ọ̀sì gún ìka rẹ̀ fún ṣúgà ná, torí ìyẹn ló yá jù láti mọ̀, tó sì yá jù láti tún ṣe.

Àwọn ọsibítù Ìlú Ọba, níbi tí ọ̀pọ̀ nọ́ọ̀sì wa ti ń ṣiṣẹ́ báyìí, ń lo ìwé ìdíwọ̀n kan tí wọ́n ń pè ní NEWS2. Ilé Ẹ̀kọ́ Ọba fún Àwọn Dókítà ní Lọ́ńdọ̀nù ló gbé ti àkọ́kọ́ jáde ní 2012, tí wọ́n sì tún un ṣe ní 2017. Ìgbà àtúnṣe yẹn ni ìdàrú-ọpọlọ òjijì wọ inú rẹ̀. Ohun kọ̀ọ̀kan tí nọ́ọ̀sì wò ní máàkì tirẹ̀. Bó bá pé 7, pàjáwìrì ni. Ẹ jẹ́ ká fi wo bàbá. Ìfúnpá, lílù iṣan àti ìgbóná: òdo ni gbogbo wọn. Ọ́síjìn rẹ̀ jẹ́ 95: máàkì kan. Ìmí rẹ̀, nígbà tí wọ́n kà á, jẹ́ 26: máàkì mẹ́ta. Ìdàrú òjijì: mẹ́ta. Ó pé 7 géérégé. Ẹ wá jẹ́ ká ṣe é bí ẹni tó ń kánjú: ká kọ 20 síbi ìmí láìkà á, ká ní àgbà ló ń ṣarán. Bàbá kan náà, lórí àga kan náà, di 1, wọ́n á sì ní kó lọ sílé.

Ìwé náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Wọn kì í lò ó fún ọmọ tí kò tíì pé ọdún 16, wọn kì í sì í lò ó fún aláboyún, fún ìdí tí a ti rí. Kò sì wọn ìrora. Ẹni tó ní àrùn fọ̀níkúfọ̀ládìde, tí egungun ti ń ro láti kékeré, lè jókòó jẹ́ẹ́ kó máa tẹ fóònù nígbà tí ìrora rẹ̀ ju ti ẹni tó ń ké lọ. Bó bá ṣe ní ìrora náà pọ̀ tó, bẹ́ẹ̀ ló pọ̀ tó. Bí irú wọn bá wá ní àyà ń dun òun, tí ibà sì wà, tí ìmí ń yá, wọn kò gbọ́dọ̀ jókòó pẹ́.

Nǹkan kan tún wà tí kò sí nínú ìwé kankan. Patricia Benner, nọ́ọ̀sì àti olùkọ́ ní Amẹ́ríkà, kọ ìwé kan ní 1984 lórí bí nọ́ọ̀sì ṣe ń dàgbà nínú iṣẹ́: ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ń tẹ̀ lé òfin níkọ̀ọ̀kan, ẹni tó ti pẹ́ ń rí gbogbo aláìsàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, á ní "ọ̀rọ̀ ẹni yìí ò yé mi" kí iye kankan tó yí padà. Kì í ṣe àṣírí kankan. Ojú tó ti rí ẹgbẹ̀rún aláìsàn ń fi èyí tó wà níwájú rẹ̀ wé wọn, kí ẹnu tó rí ọ̀rọ̀ sọ. Mo gbà á gbọ́, mi ò sì gbà á gbọ́ tán: ojú tó jẹ́ pé àgbàlagbà ló ti ń tọ́jú láti ọ̀pọ̀ ọdún wá lè wo ọmọ ọwọ́ kó má rí nǹkan kan.

Ta ni wọ́n kọ́kọ́ pè nínú àwọn mẹ́rin wa? Ohun tó ń yára pa èèyàn ló ń ṣáájú: ọ̀nà ìmí, lẹ́yìn rẹ̀ ìmí, lẹ́yìn rẹ̀ ẹ̀jẹ̀, lẹ́yìn rẹ̀ ọpọlọ. Ọmọ ló kọ́kọ́ wọlé, wọ́n gbé e sí ọ́síjìn. Kò gba ìṣẹ́jú méjì, ọwọ́ nọ́ọ̀sì sì ti wà lórí ikùn ìyá ọmọ tuntun, tó ń ránṣẹ́ pe dókítà. Bàbá tẹ̀ lé wọn. Ọ̀dọ́kùnrin dúró di ọ̀sán, ó sì bínú.

Ìpinnu yẹn ò parí síbẹ̀. Lórí NEWS2, ẹni tó ní òdo, ẹ̀ẹ̀kan ní wákàtí 12 ni wọ́n á tún wò ó. Ẹni tó ní 1 sí 4, láàárín wákàtí 4 sí 6. Ẹni tó ní 5 tàbí 6, ní wákàtí wákàtí. Ẹni tó ti pé 7, wọn ò gbọ́dọ̀ gbójú kúrò lára rẹ̀. Níbi tí nọ́ọ̀sì méjì bá ti ń ṣọ́ bẹ́ẹ̀dì ọgbọ̀n lóru, ìwé yẹn ò ṣeé tẹ̀ lé bó ṣe wà. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n á ti àwọn bẹ́ẹ̀dì kan kúrò lẹ́yìn wọ́ọ̀dù wá sí tòsí tábìlì nọ́ọ̀sì, níbi tí wọ́n ti lè máa gbọ́ ìmí ẹni tó wà lórí rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń kọ̀wé lọ. Bí ẹ bá rí i tí wọ́n gbé èèyàn yín síbẹ̀, ẹ má ní wọ́n gbé e kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tó fẹ́ atẹ́gùn.